Kí ló dé tí ẹja dáàmù wa kì í fi í jẹ ìjẹ Amẹ́ríkà?

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Tánkẹ̀ ni mò ń gbé, n'Ílọrin. Àbúrò bàbá mi tó wà ní Texas ló gbé ọ̀pá ìpẹja kan àti àpótí ìjẹ oníke fún mi nígbà tó wálé wá ṣọdún Iléyá. Ó ní bass lòun máa ń fi pa lọ́hùn-ún. Ẹja oníke àti ọ̀pọ̀lọ́ onírọ́bà ló kún inú àpótí náà. Wọ́n kọ MH àti 3/8–1 oz sára ọ̀pá náà, okùn 20 lb ló sì wà lára kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ká okùn lára rẹ̀, ó máa ń lọ́ mọ́ra ṣáá. Ó di oṣù kẹta báyìí tí mo ti ń gbé e lọ sí dáàmù Àsà ní gbogbo Sátidé, ẹyọ ẹja kan ṣoṣo ni mo tíì rí pa, ewéko ni mo ń fà jáde ṣáá. Àwọn ọmọdé tó ń fi ọparun dẹ ìwọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sì ń kó epìyà lọ sílé. Ṣé bass wà nínú omi wa? Ìjẹ wo ni kí n lò, okùn wo, ìwọ̀ nọ́ńbà mélòó? Lọ́sẹ̀ tó kọjá ìwọ̀ tún kọ́ àbúrò mi lọ́wọ́, àfìgbà tí a gbé e dé ọsibítù. Kí ni ká máa ṣe sí irú ìyẹn?"

Àbúrò mi, ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ọlọ́parun yẹn, torí irú wọn ti dójú ti èmi náà rí. Oríire wọn kọ́ ló ju tìrẹ lọ, wọn ò sì lo oògùn. Ẹja tí wọ́n ṣe ìjẹ yẹn fún ni kò sí nínú omi tí ò ń jù ú sí.

Kò sí bass ní Àsà. Kò sí ní dáàmù Àgbà, kò sí ní Ọ̀yun l'Ọ́fà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ní ti Òmù-Àrán. Àríwá Amẹ́ríkà nilé ẹja náà. Òyìnbó tó fẹ́ràn àtimáa fi ìwọ̀ ṣeré ló ń gbé e kiri ayé: wọ́n kó o dé Gúúsù Áfíríkà ní 1928, wọ́n dà á sínú adágún Naivasha ní Kẹ́ńyà ní 1929. Ẹnu rẹ̀ gbàgà bí ẹnu àpò. Á lúgọ sábẹ́ igi tó wó sómi, ohunkóhun tó bá sì ń mì kọjá níwájú rẹ̀, ìbáà ṣe ẹja, ọ̀pọ̀lọ́ tàbí eku, á gbé e mì kó tó mọ ohun tó jẹ́. Èyí tó tóbi jù tí wọ́n tíì kọ sílẹ̀, ní Georgia ni wọ́n ti pa á ní 1932, ó lé díẹ̀ ní kílò 10. Ọdún 2009 ni ará Japan kan tó pa èyí tó bá a dọ́gba. Ẹ rí i pé wọn ò fi ọ̀rọ̀ ẹja yìí ṣeré rárá. Gbogbo ìjẹ mèremère inú àpótí rẹ, oníwọ̀ra ẹlẹ́nu gbàgà yẹn ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe é.

Èyí tó pọ̀ jù nínú dáàmù wa ni epìyà, lẹ́yìn rẹ̀ àrọ̀. Ká tó sọ̀rọ̀ ìwọ̀, mo fẹ́ kí o ṣe nǹkan kan. Bí o bá tún ra epìyà tútù, má jẹ́ kí ìyá tó ń tà á bá ọ yọ ìfun rẹ̀. Gbé e délé bẹ́ẹ̀. La ẹnu rẹ̀, kí o ti orí ìka ọmọdinrin rẹ bọ̀ ọ́. Tí ẹja náà ò bá tóbi, kò ní í wọlé. Fi ìka ra ètè rẹ̀, wàá mọ eyín wẹ́wẹ́ tó ń ha ọ́ bí ẹ̀yìn páànù tí wọ́n fi ń rin gbágùúdá. Wá la inú rẹ̀, kí o rọra tú ìfun rẹ̀ sílẹ̀ lórí pákó. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, ó ká lọ ká bọ̀, tí o bá nà án tán ó gùn ju ẹja fúnra rẹ̀ lọ ní ìlọ́po ìlọ́po. Irú ìfun tí ewúrẹ́ ní nìyẹn, ìfun ẹran tó ń jẹ ewé. Fún ìfun náà láàárín ìka méjì, ohun àwọ̀ ewé tó yọ̀ bí ilá ló máa jáde.

Ẹni tó jẹ́ pé ewédò àti ìdọ̀tí abẹ́ omi ló ń jẹ yó, kí ló fẹ́ fi ẹja oníke aláwọ̀ ọsàn ṣe? Ẹyọ kan tí o rí pa yẹn ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ epìyà ni, èmi ò rò pé ebi ló mú un jẹ ìjẹ rẹ. Epìyà máa ń gbẹ́ ihò rìbìtì sí etí omi tí kò jìn láti fi yé ẹyin sí, á sì máa ṣọ́ ọ. Ohunkóhun tó bá yà síbẹ̀, á gbá a. Ìbínú ló fi gbé ìwọ̀ rẹ.

Nítorí náà, ẹnu ẹja àti ikùn rẹ̀ ni wàá máa wò kí o tó wo ìjẹ àti ìwọ̀. Àwọn ọmọ ọlọ́parun yẹn ò ka ìwé kankan, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń ṣe gan-an nìyẹn.

Nọ́ńbà ìwọ̀ máa ń da ojú rú torí pé ẹ̀yìn ló ń rìn. Ìwọ̀ nọ́ńbà 12 kéré sí 8, 8 kéré sí 4, 4 kéré sí 1. Tó bá kọjá 1 ni wọ́n á wá fi òdo ti nọ́ńbà lẹ́yìn, 1/0, 2/0, 3/0, láti ibẹ̀ ni ìwọ̀ wá ń tóbi bí nọ́ńbà ṣe ń ga. Fún epìyà, ra 10, kí o fi 8 díẹ̀ kún un fún àwọn tó bá tó àtẹ́lẹwọ́. Ilé iṣẹ́ kan sí èkejì, nọ́ńbà kan náà lè má tóbi bákan náà, torí náà gbé ìwọ̀ sára èékánná ìka ọmọdinrin rẹ: àyè tó wà láàárín ẹnu ìwọ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀ kò gbọdọ̀ fẹ̀ ju èékánná yẹn lọ. Mú èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn díẹ̀, torí epìyà máa ń gbé ìjẹ mì, ẹ̀yìn gígùn ló máa jẹ́ kí o rí ibi dìmú láti yọ ọ́.

Má sì ra ìwọ̀ torí pé ó ń dán. Ọdún kan wà tí mo ra odidi páálí lọ́wọ́ ẹnì kan lọ́jà, ìwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú bíi wúrà, ó sì dín owó fún mi. Mo gbé e lọ sí Ọ̀yun. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ohun kan tó wúwo gbé e. Mo fà, ó fà, apá ń ro mí, inú mi sì ń dùn, mo ti ń ro ọbẹ̀ tí màá fi í sè. Lójijì okùn dẹ̀. Nígbà tí mo fà á jáde, ìwọ̀ mi ti nà tọ́ bí abẹ́rẹ́. Mo gbé mẹ́rin yòókù, mo gún wọn mọ́ igi, mo fi píláyà fà wọ́n: gbogbo wọn ló nà. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń dán ẹyọ kan wò níwájú ẹni tó ń tà á. Tó bá kọ̀ fún mi, a jẹ́ pé òun náà mọ ohun tó ń tà. Ti mímú ẹnu, gbé e lé èékánná àtàǹpàkò, kí o fà á díẹ̀. Tó bá ń yọ̀, kò mú. Tó bá há, ó mú.

Okùn tí o bá lára kẹ̀kẹ́ ọ̀pá yẹn, o ní wọ́n kọ 20 lb sí i. Ìyẹn ni pé ó lè gbé nǹkan bíi kílò 9 kó tó já. Epìyà tí wàá pa ní Àsà, ọ̀pọ̀ wọn ò ní í tó kílò kan. Okùn tó nípọn báyẹn máa ń ká bó ṣe ká lára kẹ̀kẹ́, ìjẹ tó fúyẹ́ ò ní lè fà á tọ́, yóò kàn léfòó síbẹ̀ ni, ẹja á sì máa wò ó. Okùn ọ̀rá tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni kí o rà, 0.18 tàbí 0.20 mm, wọ́n máa ń kọ ọ́ sára ike rẹ̀. Oòrùn ló ń ba irú okùn yìí jẹ́ jù. Èyí tí o bá fi sílẹ̀ lójú oòrùn n'Ílọrin ní oṣù Ẹrẹ́nà, má retí kó gbé ẹja lóṣù Òkúdù.

Bí wàá ṣe so ìwọ̀ mọ́ ọn nìyí. Ki orí okùn bọ ojú ìwọ̀, fà á jáde tó bí ìka ọwọ́ méjì. Fi orí tó jáde yẹn lọ́ mọ́ ara okùn lẹ́ẹ̀marùn-ún, bí ìgbà tí a ń lọ́ òwú. Níbi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́, nítòsí ojú ìwọ̀, wàá rí ihò kékeré kan. Ki orí okùn bọ̀ ọ́, kó tún padà kọjá nínú ihò ńlá tí èyí ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀. Dúró. Kí o tó fà á le, gbé e sẹ́nu, kí itọ́ rin ín. Ọ̀pọ̀ ò ka èyí sí. Tí o bá fà á ní gbígbẹ, okùn á ha ara rẹ̀, á gbóná, ibi tó gbóná yẹn gan-an ló sì máa já nígbà tí ẹja bá tú ìrù. Fà á díẹ̀díẹ̀ títí kókó náà á fi jókòó tira. Gé ìyókù, ó parí.

Ohun tó máa léfòó, má lọ fowó rà á. Sìlípáàsì balùwẹ̀ tó ti já ni èmi ń gé, tó bí orí ìka, màá fi abẹ́rẹ́ lu ú láàárín, màá fi igi ìtayín há okùn mọ́ inú ihò náà. Ìtayín yẹn ló ń jẹ́ kí n lè sún un sókè sódò títí ìjẹ á fi dúró ní nǹkan bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ sókè sí ilẹ̀ abẹ́ omi. Òjé kékeré kan, tó bí hóró ẹ̀wà, ti tó láti gbé e wọlẹ̀. Fi píláyà tẹ òjé náà mọ́ okùn o. Mo rí àwọn àgbààgbà tó ń fi eyín tẹ̀ ẹ́. Èmi náà fi eyín tẹ̀ ẹ́ fún ọdún pípẹ́ kí n tó mọ̀ pé májèlé ni òjé, àti pé ọmọdé ló ń ṣe ní jàǹbá jù.

Ní ti ìjẹ, ekòló ni ọba. Ibi tí omi balùwẹ̀ ń ṣàn gbà, tàbí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, gbẹ́ ẹ ní ìwọ̀n ọkọ́ kan, wàá rí wọn. Àwọn pupa tín-ín-rín ni kí o mú. Má fi odindi há ìwọ̀, epìyà á kàn máa já ìrù rẹ̀ jẹ ni. Gé e sí méjì, kí o ki ìwọ̀ bọ inú rẹ̀ bí ìgbà tí a ń ki rọ́bà sí ṣòkòtò, kó ku díẹ̀ tí yóò máa jà níwájú. Ọjọ́ tí wọn ò bá jẹ ekòló, àárín búrẹ́dì ni kí o fi omi díẹ̀ pò títí á fi le bí òkèlè iyán, kí o mọ ọ́n rogodo sí ẹnu ìwọ̀. Mo ti rí ọmọkùnrin kan létí dáàmù Àgbà tó jẹ́ pé ewédò tó wé mọ́ òkúta ló ká mọ́ ìwọ̀, epìyà tó pa lọ́jọ́ náà sì ju tèmi lọ. Tí òjò àkọ́rọ̀ bá sì rọ̀ tí èsúnsún fò jáde lálẹ́, kó wọn jọ sínú ike. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, yọ òjé kúrò lára okùn, kí o jẹ́ kí èsúnsún náà léfòó. Wàá rí i tí ẹnu wọn á máa dún pọ́ọ̀, pọ́ọ̀, lójú omi.

Gbogbo èyí, ọparun tó gùn tó mítà mẹ́ta tó fún un. Ọ̀pá Texas yẹn ńkọ́? Kì í ṣe ẹrù òfo. Wo ara rẹ̀ lókè ibi tí o ń dì mú, wàá rí ohun tí wọ́n kọ: MH, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ 3/8–1 oz. MH ń sọ pé ọ̀pá náà le ju ti àárín lọ. Èkejì ni ìwọ̀n ohun tó lè jù, láti bíi gíráàmù 10 dé 28. Ìwọ̀ epìyà pẹ̀lú òjé hóró ẹ̀wà ò tó gíráàmù 10 rárá, ìdí nìyẹn tí kò fi ní lọ jìnnà. Àmọ́ àrọ̀ wà o! Àrọ̀ ni ọ̀pá yẹn ń wá láti ọjọ́ tó ti dé.

Jẹ́ kí okùn 20 lb náà wà lára rẹ̀. Ki òjé oníhò tó bíi gíráàmù 25 bọ okùn kó lè máa yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀, kí àrọ̀ má baà mọ ẹrù lára nígbà tó bá gbé ìjẹ. Ìwọ̀ 2/0 ni kí o so, tàbí 3/0. Àrọ̀ kì í fi ojú wá oúnjẹ púpọ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ ló fi ń gbóòórùn, torí náà ohun tó ń rùn ni kí o gbé fún un: ìfun adìyẹ tí o bá tọrọ lọ́wọ́ àwọn tó ń pa adìyẹ lọ́jà, tí o fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Àwọn apẹja onìwọ̀ mìíràn ń gé ọṣẹ ìfọṣọ sí i. Ó máa ń ya ẹni tí ò rí i rí lẹ́nu, ṣùgbọ́n àrọ̀ ń jẹ ẹ́. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ojú ọ̀run bá ti ń pọ́n, ni kí o ju ú. Nígbà òjò tí omi Àsà bá pọ́n bíi tíì onímílíìkì, tí epìyà ò ríran jẹun, ìgbà náà gan-an ni àrọ̀ ń jẹ̀ wá sí etí omi níbi tí koríko ti rì.

O ní okùn rẹ máa ń lọ́ mọ́ra bí irun tí wọn ò yà. Kẹ̀kẹ́ tó dùbúlẹ̀ lórí ọ̀pá ló ń ṣe bẹ́ẹ̀: òjé ti dúró, kẹ̀kẹ́ ò tíì dúró. Fi àtàǹpàkò kan okùn náà fẹ́ẹ́rẹ́ bó ṣe ń tú jáde, kí o sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀ kí òjé tó kan omi. Fi pápá bọ́ọ̀lù kan kọ́ ọ ná.

Ó wá ku àpótí ìjẹ. Ewéko tí ò ń fà jáde, ètè oníke tó yọ sí iwájú àwọn ẹja oníke yẹn ló fà á. Bí ètè náà bá ṣe gùn tó ni yóò ṣe wọlẹ̀ tó nígbà tí o bá ń fà á, ìwọ̀ onítamẹ́ta abẹ́ rẹ̀ á sì máa ha gbogbo ohun tó bá bá pàdé. Etí dáàmù wa kún fún kùkùté àti ewéko. Gbé àwọn elétè gígùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Àwọn ẹja tó ń jẹ ẹja wà lójú omi wa, wọn ò kàn pọ̀ ni. Ọ̀kan dà bí epìyà lójú ẹni tí ò fara balẹ̀, ṣùgbọ́n ó rí gbọọrọ, ẹnu rẹ̀ tóbi, àmì dúdú márùn-ún sì tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Òmíràn, orí rẹ̀ dà bí orí ejò, inú koríko ló ń lúgọ sí, ó sì lè mí afẹ́fẹ́. Fún alámì márùn-ún, mú irin pẹlẹbẹ kékeré tó ń yí bí o ṣe ń fà á, èyí tí kò ju gíráàmù márùn-ún lọ, kí o sì fi ọ̀pá tó rọ̀ jù ù. Fún olórí ejò, ọ̀pọ̀lọ́ onírọ́bà inú àpótí rẹ ni. Wo ẹ̀yìn rẹ̀, ìwọ̀ méjèèjì fara mọ́ ara rọ́bà, wọ́n kọjú sókè, ìdí nìyẹn tí yóò fi gorí ewé kọjá láì kọ́ ọ. Fà á kó fò lẹ́ẹ̀mejì, kí o jẹ́ kó sinmi. Ní ti àwọ̀, má da ara rẹ láàmú: nígbà ọyẹ́ tí omi bá tòrò, èyí tó ń dán bíi fàdákà, nígbà tí omi bá dàrú, dúdú, torí òjìji rẹ̀ ló máa hàn.

Àwọn ìjẹ ńláńlá yòókù, tọ́jú wọn de ọjọ́ tí o bá lọ sí Jẹ́bà, létí odò Ọya. Ẹja tí àwọn Hausa ń pè ní giwan ruwa wà níbẹ̀, ẹnu gbàgà bíi ti bass, irú rẹ̀ sì lè wọ̀n ju kílò 100 lọ tó bá dàgbà tán. Ibẹ̀ náà ni ẹja eléyín ṣóṣóró wà, tó ń gé okùn ọ̀rá bí ẹni gé òwú. Wáyà ni wọ́n ń so síwájú ìwọ̀ nítorí tirẹ̀. Má dá lọ o. Wá àwọn apẹja ibẹ̀, kí wọ́n gbé ọ lọ́kọ̀.

Ní Àsà, sọ fún àwọn tó ń ṣọ́ dáàmù kí o tó jókòó, kí o sì jìnnà sí ibi tí omi ti ń tú jáde. Má wọ inú omi lọ já ìwọ̀ tó bá há, torí àtọ̀sí ajá, àrùn tí aràn inú omi ń fà. Inú ìgbín omi ló ti ń jáde, awọ ara ló sì ń gbà wọlé. Gé okùn náà, ìwọ̀ kan ò tó nǹkan.

Ìwọ̀ tó bá kọ́ ènìyàn lọ́wọ́, má fà á padà bó ṣe wọlé, eyín rẹ̀, ìyẹn ẹ̀gún kékeré tó kọjú sẹ́yìn nítòsí ẹnu rẹ̀, máa fa ẹran ya. Tó bá jẹ́ ìka ni, tí ẹnu ìwọ̀ sì ti fẹ́ jáde, tì í síwájú títí eyín náà á fi yọ síta, fi píláyà gé eyín yẹn dànù, ìyókù á yọ wọ́ọ́rọ́wọ́ padà. Fọ ojú egbò náà dáadáa, kí o sì lọ gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Tó bá wọlé jìn, tàbí tó wà nítòsí ojú tàbí ọrùn, má fọwọ́ kàn án, ọsibítù ni. Ẹ ṣe dáadáa bí ẹ ṣe sáré gbé e lọ. Lálẹ́ òní, kí àbúrò rẹ tó tún bá ọ débẹ̀, jókòó ti àpótí yẹn, kí o fi píláyà tẹ eyín gbogbo ìwọ̀ onítamẹ́ta inú rẹ̀ pẹlẹbẹ.